Ọjọ́ kan ní Lọ́kọ́ja: ìrìn àjò yẹn dáa o, ṣùgbọ́n ẹ máa bi gáìdì wọn léèrè ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrà àti gbogbo ilé pátá, okun o (ìkíni àwa Yorùbá Kogí nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi ń pè wá ní Okun). Gbogbo àwọn tó ń bi mí lórí WhatsApp pé ṣé kí àwọn bá àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn yí Lọ́kọ́ja ká yẹn lọ, èsì rèé: ẹ lọ. Owó yín ò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ohun tí gáìdì bá sọ mì bẹ́ẹ̀ o, torí òótọ́ pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, àlọ́ náà wà níbẹ̀, tiwa gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Èyí tó ká mi lára jù nìyẹn, mo máa débẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. 15,000 náírà ni wọ́n ń gbà lórí èèyàn kan, bọ́ọ̀sì láti Kàbà lọ àti bọ̀ wà nínú ẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á wà nínú ẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán náà. Wọ́n ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa gbéra, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀, ìgbà tí wọ́n fi máa yọjú aago mẹ́jọ ti lù, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, dírẹ́bà kàn ń pariwo "ẹ wọlé, ẹ wọlé, oòrùn ti ń mú" àfi bíi pé àwa la pẹ́. Fáàn inú bọ́ọ̀sì ò ṣiṣẹ́. Ọ̀nà Obájánà sì nìyẹn, tírélà sìmẹ́ǹtì níwájú, tírélà sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn, eruku láàárín. Ẹ mú nǹkan tẹ́ ẹ máa fi bo imú dání.

Gáìdì fúnra ẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà inú bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè mí ní àǹtí, ó ń sọ Yorùbá, ó ń sọ Haúsá, nígbà tá a dúró ra ẹ̀pà ó bá ìyá tó ń tà á sọ Ígálà, ìyá yẹn sì fi ẹ̀kún ọwọ́ kan kún un. Ẹnu ẹ̀ dùn. Wàhálà ẹnu dídùn ò ju pé ó máa ń ju ìtàn lọ nígbà míì.

Òkè Patti la kọ́kọ́ gùn. Ibẹ̀ nìkan tó owó tẹ́ ẹ san. Mọ́tò ń gùn ún dókè, ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ yín pọ́n òkè tó ga tó 458 mítà. Tẹ́ ẹ bá dúró létí òkè, gbogbo Lọ́kọ́ja wà lábẹ́ yín, páànù lórí páànù, odò Ọya ń bọ̀ láti apá kan, Bẹ́núé ń bọ̀ láti apá kejì, àwọ̀ omi méjèèjì ò sì jọra, bójú ọjọ́ bá mọ́ ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Mo dúró níbẹ̀ títí dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé òyìnbó ló "ṣàwárí" ibẹ̀, àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, èèyàn wa, ti ń gbé àwọn òkè agbègbè yẹn tipẹ́. Gáìdì dárúkọ Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ti kọjá lọ.

Ibẹ̀ ló ti kó àlọ́ síta. Ó kó wa jọ síwájú ilé kékeré tí wọ́n ní Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Nàìjíríà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti máa ń sinmi, ó nawọ́ sí odò, ó ní ibí yìí gan-an ni Flora Shaw dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀, tó wo omi títí, tó wá sọ pé ilẹ̀ yìí á máa jẹ́ Nàìjíríà. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́ ní tèmi. Ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897 ni orúkọ yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ní London, iṣẹ́ ìwé ìròyìn yẹn ni obìnrin ọ̀hún ń ṣe, òun ni wọ́n fi sídìí ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso, orúkọ kúkúrú kan ló ń wá fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ kọ́ńpìnnì Royal Niger, àwọn òyìnbó oníṣòwò tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, torí orúkọ tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ ti gùn jù. Lugard tí wọ́n ní ó dúró tì í, 1902 ló tó fẹ́ ẹ, erékùṣù Madeira ni wọ́n sì ti ṣègbéyàwó. Ìyẹn ni pé nígbà tó sọ wá lórúkọ kò tíì di ìyàwó ẹnikẹ́ni, kò sì tíì fojú kan odò Ọya. Obìnrin tó fi gègé ara ẹ̀ jẹun, ẹ wá sọ ọ́ di ìyàwó ọ̀gá tó tẹ̀ lé ọkọ ẹ̀ gun òkè.

Mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo sọ fún un, mi ò fẹ́ dójú tì í. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá ní London ló jókòó sí kọ ọ́, ta ló máa wá gun òkè?" Ẹ̀rín pa mí. Tòwò ni tiẹ̀, ó yé mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú bọ́ọ̀sì wa o, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti Lugard fúnra ẹ̀ ló sọ dáadáa jù. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lọ́kọ́ja, wọ́n sọ àsíá kọ́ńpìnnì kalẹ̀, wọ́n fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Lugard ka ìwé, Nàìjíríà apá Àríwá di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Gáìdì ṣe ohùn Lugard, ó ṣe ohùn fèrè ṣọ́jà, ó ṣe bó ṣe ń rìn. Ó tún fi kún un pé 865,000 pọ́n-ùn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san fún kọ́ńpìnnì. Ìyá kan wà láàárín wa, ará Bùnú, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló sanwó fún un. Ìyá ní, "Wọ́n san án fún ta ni?" Gáìdì ní, "Fún kọ́ńpìnnì, mà." Ìyá ní, "Àwọn tó nilẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ yẹn wojú mi, mo wojú odò.

Ohun tí ò sọ ni pé Lugard ò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Jẹ́bbà, nígbà tó fi máa di 1902 Zungeru ti di olú ìlú wọn. Àwọn tó dúró sí Lọ́kọ́ja ni kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn. Àwọn ṣọ́jà dúdú tó tò sórí ìlà lọ́jọ́ yẹn, Haúsá, Yorùbá, Nupe, tí àwọn míì nínú wọn ti jẹ́ ẹrú rí kí wọ́n tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn wá gba ìbọn, àwọn ìyàwó wọn tó ń dáná ní bárékè, àwọn alágbàfọ̀, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń kó ẹrù látinú ọkọ̀. Àwọn ló di Lọ́kọ́ja. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ oríṣiríṣi èdè ní àdúgbò Adankolo àti Kabawa títí dòní.

Itẹ́ òkú àwọn òyìnbó ló tẹ̀ lé e. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òkúta míì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, èéhù ti bo ojú òmíràn, mo fi etí ìṣó kọ́kọ́rọ́ mi rọra ha ọ̀kan títí ọjọ́ orí ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ fi yọ (ẹ má ṣe irú ẹ̀ o, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kígbe mọ́ mi), ọmọdé ni, kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sìnrúùlú lọ. Ibà ló pa èyí tó pọ̀ jù lára wọn. Níbí yìí gáìdì gbìyànjú gan-an, ó ṣàlàyé ti 1841 nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ mẹ́ta wá, Albert, Wilberforce àti Soudan, wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá, ọba Ígálà, wọ́n ní àwọn fẹ́ dáko àwòkọ́ṣe káwọn èèyàn lè fi òwò ẹrú sílẹ̀. Òyìnbó tó lé ní 40 ló kú, nígbà tó di 1842 oko ti di igbó. Ẹ̀fọn ò mọ olówó. 1854 ni Baikie, dókítà kan láti erékùṣù Orkney ní Scotland, tún gbé ọkọ̀ Pleiad wọ Bẹ́núé, ó fún àwọn èèyàn ẹ̀ ní quinine kí ibà tó mú wọn, kò pàdánù ẹnì kankan. Òun náà ló padà wá ní 1857, ọkọ̀ ẹ̀ Dayspring fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bbà, ó wá jókòó sí Lọ́kọ́ja, ó dá ọjà sílẹ̀, ó kọ́ Haúsá, ó sọ ara ẹ̀ di baálé ilé níbẹ̀. Ọ̀nà ilé ló wà ní 1864 tó kú sí Sierra Leone. Tí wọ́n bá ní kí n mú òyìnbó kan nínú gbogbo wọn tí mo lè bá jókòó jẹun, Baikie ni.

Mo bi gáìdì pé níbo ni wọ́n sin àwọn dúdú tó kú nínú ọkọ̀ yẹn sí, àwọn tó ń da èédú, àwọn ògbufọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ìbéèrè yín ti ń pọ̀ jù." Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo sanwó.

Ilé ìwé Holy Trinity, ibẹ̀ ni irin méjì yẹn wà, èyí tí wọ́n ní ẹrú tó bá ti dé ìdí ẹ̀ ti di òmìnira. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni mo sọ fún yín yẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n fi bàtà wọn ṣe góòlù. Irin yẹn ò ga, ó ti dípẹtà, ẹ lè gbé ọwọ́ lé e. Ìyá Bùnú gbé ọwọ́ lé e pẹ́, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ló dá ilé ìwé náà sílẹ̀ ní 1865, gáìdì sì mọ ìtàn Crowther dénú: ọmọ Òṣoògùn, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, ó dé Freetown, ó kàwé, ó wà nínú ọkọ̀ ti 1841, ó wà nínú ti 1854, 1864 wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Ó dáa gan-an.

Ó wá parí síbẹ̀. Mo ní ẹni kejì ńkọ́? Ó ní ta ni. Mo ní James Thomas. Kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Yàgbà, ṣé ẹ̀yin gbọ́ ọ rí? Ọmọ yín ni o. Ogun ló kó òun náà ní kékeré, wọ́n tà á, òyìnbó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó rà á, Sierra Leone ló dàgbà sí bíi ti Crowther. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wá ẹni tó máa lọ ṣiṣẹ́ ìyìn rere létí odò Ọya, ó jáde, ó ń wá ọ̀nà ilé. 1858 ló ti wà ní Gbebe, ìlú ọjà tó wà lódìkejì odò sí Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú, ẹrú tí àwọn ará Bídà, olú ìlú Nupe, ń kó nílẹ̀ wa sì ń débẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ẹni tí wọ́n tà tẹ́lẹ̀, ó wá jókòó lẹ́bàá ọjà tí wọ́n ti ń ta àwọn ará ilé ẹ̀. Nígbà tí ìjà tú Gbebe ká ní 1866, ó kọjá sí Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ló wà títí ọdún 1870 sí 1879 fi ń parí lọ. Ó ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́, ẹni tó kú, ẹni tó jà, ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó bínú kúrò ńbẹ̀, ìwé ẹ̀ ṣì wà lára ẹrù àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Áńgílíkà tó rán an, tí wọ́n tọ́jú sí yunifásítì Birmingham. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe gómìnà. Ẹni tó ń gbé Lọ́kọ́ja kó tó di pé ẹnikẹ́ni fa àsíá sókè níbẹ̀ ni, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, Okun sì ni. Ẹ wá kó odindi bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ Okun láti Kàbà, ẹ ò dárúkọ ẹ̀!

Mo bínú díẹ̀ níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Ọmọ yẹn mú fóònù ẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ náà sí i. Ìyẹn tù mí nínú.

Ibi tí wọ́n sin àwọn ẹ́míà sí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Lọ́kọ́ja ni òyìnbó sọ di ibi tí wọ́n ń lé ọba tó bá ṣorí kunkun lọ. Aliyu, ẹ́míà Kánò, wọ́n yọ ọ́ ní 1903, Lọ́kọ́ja ló kú sí ní 1926. Abubakar ti Bídà náà, 1901 ni Lugard yọ ọ́, wọ́n padà gbé e wá síbẹ̀. Nígbà tí gáìdì dárúkọ Bídà, gbogbo bọ́ọ̀sì ló dákẹ́. Ilé wo nílẹ̀ wa ni wọn ò ti sọ ìtàn ogun Tápà? Àwọn ìlú tó fi òkè sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ọmọ san ìsákọ́lẹ̀ fún Bídà lọ́dọọdún nígbà tí nǹkan míì ò sí mọ́. Ìyá Bùnú ní, "Bídà náà? Òun náà wá di ẹni tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀?" ó sì rẹ́rìn-ín kan, mi ò mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Oṣù kìíní 1897 ni ṣọ́jà kọ́ńpìnnì ti Lọ́kọ́ja gbéra wá sí Kàbà, ọmọ ogun Nupe tó pàgọ́ síbẹ̀ ti sá kí wọ́n tó dé, Goldie tó jẹ́ ọ̀gá kọ́ńpìnnì kéde pé Kàbà ti bọ́ lọ́wọ́ Bídà, oṣù yẹn náà ni wọ́n lọ ṣẹ́gun Bídà fúnra ẹ̀. Gáìdì sọ èyí dáadáa, ó tún fi jáàfù díẹ̀ kún un. Ohun tó wá tẹ̀ lé e ló fò: owó orí, iṣẹ́ ẹrù rírù fún ìjọba, ẹjọ́ tó di pé kéèyàn rìn dé Lọ́kọ́ja torí ibẹ̀ ni olú ìlú Kabba Province.

Ìyá Bùnú ló sọ apá yẹn fún wa nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá à ń lọ jẹun, kò sẹ́ni tó bi í. Ó ní ìyá ìyá òun máa ń ru aṣọ òkè tó hun fúnra ẹ̀ láti Bùnú wá sí Lọ́kọ́ja, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, wọ́n á sùn lọ́nà, ó ní wọ́n máa ń so owó iyọ̀ sí etí ìró kan àti owó orí ọkọ ẹ̀ sí etí kejì kó má bàa dà pọ̀, torí tí akọ̀wé bá ti rí méjèèjì pọ̀ á gba gbogbo ẹ̀. Ó fi ìró tó wà nídìí ẹ̀ hàn wá bí wọ́n ṣe ń di í, kókó kéékèèké méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Gáìdì gan-an yíjú padà láti iwájú, ó ń gbọ́. Kò sí nínú ètò wọn, ẹnì kan ò sanwó fún un, òun ló sì dáa jù nínú gbogbo ohun tá a gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mùsíọ́ọ̀mù wọn tó wà fún ìtàn ayé òyìnbó, a yára kọjá ńbẹ̀ torí àkókò ti lọ, àwọn fọ́tò àtijọ́ wà níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn fi wákàtí kan wò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tètè débẹ̀. Òkúta ìrántí àwọn ṣọ́jà tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì, a ya fọ́tò, a lọ.

Oúnjẹ. Iyán àti ẹja odò Ọya létí omi, ní ọ̀nà Ganaja. Ẹja yẹn tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ni, ọbẹ̀ ta dáadáa, mo lá àwo. Iyán ni kò kúnná, ìyẹn sì lẹ́ṣẹ̀ fún ará Kàbà tó ti mọ iyán, àwọn bàbá méjì tó wà lẹ́yìn mi ń kùn títí a fi délé. Omi kan péré ni wọ́n ń fúnni, ẹ ra tiyín.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan torí ọ̀rọ̀ Flora Shaw àti James Thomas, mo yọ ààbọ̀ torí aago mẹ́jọ tí wọ́n pè ní mẹ́fà ààbọ̀. Iyán ni mo dárí ẹ̀ jì wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé ló dáa, ẹ má lọ lásìkò òjò torí ọ̀nà òkè Patti máa ń yọ̀. Bàtà tó dí, kì í ṣe sìlípáàsì. Ẹ mú àgbàlagbà kan láti ilé yín dání, ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáìdì, kí wọ́n máa gbọ́ ara wọn. Ẹ sọ fún dírẹ́bà kó gbéra ní Lọ́kọ́ja kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà yẹn ò ṣe é rìn lálẹ́. Owó, ẹ bá wọn ná an: àwọn tó pọ̀ tó bọ́ọ̀sì kan lápapọ̀, wọ́n gbà 12,000 lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo sọ fún yín.